Ìgò Fọ́díkà Abẹ́ Táǹkì Alhaji

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Olúgbénró,
                                        Onígbòǹgbò, Ìkẹjà,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        20 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Hameedah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Aisha,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ikọ́ tó ń yọ Aisha lẹ́nu nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti lọ pátápátá, àbí ẹ ṣì ń fún un ní oògùn? Bàbá Aisha ńkọ́, ṣé wọ́n ti rí adágún ẹja tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ọ̀dẹ̀dá gbẹ́ parí? Mo mọ̀ pé òjò ọdún yìí kò ní jẹ́ kí ó rọrùn. Bá mi kí Màmá yín ní Ìbarà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń kírun lórí ìdúró padà, pé orúnkún náà ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Inú mi dùn sí i gan-an ni.

Àwa náà wà níbí. Túnmiṣe ti wọ kíláàsì tuntun, bàtà tí a rà fún un lọ́dún tó kọjá kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Màmá mi ti ń rìn láìmú ọ̀pá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ìyẹn nìkan ni ìròyìn ayọ̀ tí mo ní. Ìyókù kò dùn ún gbọ́.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo ń dá lóhùn. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. O kí mi dáadáa, o béèrè ọmọ, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ lọ sílẹ̀. O ní o gbọ́ nǹkan kan, o sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi: ṣé òótọ́ ni pé mo ń da ọtí sínú omi ẹja Alhaji Àjíṣọlá láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, tí gbogbo ẹja wọn fi kú? O ò pè mí ní òpùrọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kọkàndínlógún rèé tí a ti mọ ara wa. Ilé yín ni mo ti máa ń ṣínu ààwẹ̀ pẹ̀lú yín, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, torí Màmá yín ní àwọn kò lè jẹun kí n máa wò wọ́n. Nígbà tí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ mí béèrè, mo dá wọn lóhùn. Tìrẹ ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ nìyẹn. Bí mo bá pè, ohùn mi á gbọ̀n, wàá sì rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà mí láàmú. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀. Fara balẹ̀ kà á, má sì fi han ẹnikẹ́ni. Wàá mọ ìdí rẹ̀ bó o bá kà á débẹ̀.

Mo mọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ. Déolú ni.

Déolú tiwa yìí náà, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń gbé nẹ́ẹ̀tì wọ adágún ilé-ìwé, tí ó máa ń yá ìwé wa kọ nígbà tí kò bá wá sí kíláàsì. Nígbà tí báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ dá a dúró, odindi ọdún kan ló fi jókòó sílé ní Agége. Èmi ni mo lọ bá a pé kó wá, pé iṣẹ́ omi iyọ̀ tí mo ń ṣe ti ń pọ̀ ju agbára mi lọ. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń po iyọ̀, bí a ṣe ń yẹ omi wò, bí a ṣe ń gé iyùn lẹ̀ mọ́ òkúta. Ọdún méjì ló fi ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé mi.

Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ táǹkì náà fún ọ, torí o ò rí i rí. Alhaji Àṣírù Àjíṣọlá ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páálí ní Oregun. Bó o bá wọlé, níbi tí àwọn àlejò ń jókòó sí, gíláàsì ńlá kan ló máa dojú kọ ọ́. Ó gùn ju ibùsùn lọ, omi inú rẹ̀ tó ẹgbẹ̀fà lítà. Omi iyọ̀ ni, kì í ṣe omi lásán tí àwa fi kọ́ iṣẹ́ ẹja àrọ̀. Iyùn tó wà láàyè ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí a ń so mọ́ ọrùn o. Èyí ń jẹun, ó ń na ọwọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ jáde nínú omi, ó ń kó o wọlé bí nǹkan bá fara kàn án. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, bí ìka ọwọ́ mi ló rí nígbà tí mo gbé e síbẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tí ọdún yìí fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹ̀ tó abọ́ ìfọwọ́.

Ìyàwó Alhaji ló ní kí wọ́n gbé táǹkì náà kalẹ̀. Nígbà tí àìsàn kíndìnrín mú wọn, bí wọ́n bá ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, wọn kì í fẹ́ lọ sílé tààrà. Wọ́n á ní kí dírẹ́bà yà sí Oregun, wọ́n á jókòó síwájú gíláàsì, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà wọn jẹ́jẹ́. Ẹja aláwọ̀ yẹ́lò kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é, torí bí ó bá yọjú báyìí, á tún sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta. Ọdún kejì tí mo gba iṣẹ́ náà ni Alhaja kú. Láti ọjọ́ náà, kí Alhaji tó wọ ọ́fíìsì láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dúró síwájú táǹkì, wọ́n á kí Ìyàwó, wọ́n á sì dúró títí ẹja náà á fi yọjú. Kò sí òṣìṣẹ́ tó jẹ́ fi rẹ́rìn-ín.

Oṣù Kìíní ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò àtàwọn òṣìṣẹ́ ń ju bisikíìtì sínú omi, mo pariwo títí, wọn ò gbọ́. Ìdọ̀tí oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja pọ̀ nínú omi. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, náítíréètì àti fọ́síféètì tí ìdọ̀tí yẹn ń bí ti ga kọjá ibi tí iyùn lè fara dà. Ọ̀nà kan wà tí a ń gbà fà á wálẹ̀. A máa ń fún àwọn kòkòrò àìfojúrí rere tó wà nínú omi ní oúnjẹ tó ní kábọ́ọ̀nù, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì máa gba ìdọ̀tí yẹn mọ́ra. Ẹ̀rọ kan tó ń ho omi bí ìgbà tí ọṣẹ bá ń ho yóò wá kó wọn jáde sínú ife tí a ń dà nù. Fọ́díkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún un. Fínígà tí a fi ń ṣe sàláàdì náà ń ṣe é.

Kí n tó da ẹ̀kán kan sí i, mo lọ bá Alhaji ní ọ́fíìsì wọn. Mo ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn sílẹ̀.

“Tinúọlá, iwájú omi yìí ni Alhaja ti ń ṣe àsíkíìrì wọn,” ni wọ́n wí. “Ọtí kò gbọdọ̀ kàn án.”

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Fínígà ni a fẹnu kò lé lórí, fínígà náà ni mo sì lò. Déolú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Ibi tí ẹ̀bi tèmi ti bẹ̀rẹ̀ rèé, mi ò ní kọ lẹ́tà yìí bíi pé mi ò ṣàṣìṣe rí. Mo kánjú. Ó yẹ kí n máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e sókè kíákíá torí mo fẹ́ kí Alhaji rí i pé iṣẹ́ ń lọ. Náítíréètì já wálẹ̀ títí kò fi sí mọ́, fọ́síféètì sì ṣẹ́ kù. Irú omi tí kò dọ́gba bẹ́ẹ̀ ni nǹkan pupa kan tó ń jẹ́ sáyánò fẹ́ràn. Bí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ṣe ń pè é nìyẹn. Kì í ṣe ewé, òun náà kòkòrò àìfojúrí ni, àmọ́ ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejì mo rí i lórí iyanrìn, ní igun kan tí omi kì í ti í ṣàn dáadáa, bí ìgbà tí èèyàn bá ta epo pupa sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti di aṣọ pupa tó nípọn, tó ń yọ̀, tí afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ so mọ́ ọn lára bí ilẹ̀kẹ̀. Bí mo bá fi rọ́bà fà á jáde lónìí, tó bá di ọ̀túnla á ti padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun iyùn, ibi tó bá sì bò mọ́lẹ̀ kì í mí.

Mo jẹ́wọ́ fún Alhaji pé èmi ni mo sáré jù. Mo dín fínígà kù láti ọgọ́rùn-ún mílílítà lójúmọ́ sí ọgọ́ta. Mo fi èlò tó ń gba fọ́síféètì síbi tí omi ń gbà kọjá, mo yí ojú ẹ̀rọ kan sí igun yẹn kí omi lè máa ṣàn níbẹ̀, mo sì ń fa pupa náà jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Alhaji bi mí pé ìgbà wo ló máa lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. Déolú sọ fún wọn níbẹ̀, lójú mi, pé òun mọ àwọn tó ń pa á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo wò ó. Kò wo ojú mi. Nígbà tí a jáde, ó ní òun kàn fẹ́ fi ọkàn bàbá balẹ̀ ni.

Nígbà tí oṣù Karùn-ún fi parí, pupa náà ti lọ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Iyanrìn ti ń funfun padà. Alhaji gan-an sọ ọ́ pé ojú omi ti ń mọ́.

Ọ̀sẹ̀ Ìleyá ni ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde pe Màmá mi fún iṣẹ́ abẹ. Èmi nìkan ni wọ́n bí, o mọ̀. Mo fi táǹkì sílẹ̀ fún Déolú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kọ gbogbo ohun tó máa ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀: kó máa da ọgọ́ta mílílítà sí i láràárọ̀, kó rí i pé ẹ̀rọ tó ń ho omi ń ṣiṣẹ́ kó tó dà á, bí iná bá lọ kó má da ohunkóhun. Mo kọ “ọgọ́ta”. Mi ò kọ “fínígà” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí láti oṣù Kìíní, kò sí nǹkan mìíràn nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ táǹkì yẹn. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò kọ yìí títí ó fi sú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni mo padà. Mo ti ibùdókọ̀ gba Oregun lọ tààrà pẹ̀lú báàgì mi. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni òórùn ti kí mi. Omi náà funfun bí omi ògì. Àwọn ẹja sùn sórí iyanrìn, àwọn mìíràn léfòó. Ìyàwó há sí ẹnu ẹ̀rọ, yẹ́lò ara rẹ̀ ti ṣí. Ara iyùn ńlá yẹn ń já bọ́ bí ẹran tó jinná jù, egungun funfun ló ń yọ.

Alhaji dúró síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé dúró lẹ́yìn wọn. Lórí tábìlì ni ìgò fọ́díkà kékeré kan tí wọ́n yọ lábẹ́ táǹkì wà, ó ti dín kọjá ìdajì. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Déolú dúró ní apá ọ̀tún.

Alhaji na ọwọ́ sí ìgò náà. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn sọ fún mi nípa ọtí.

Mi ò rí ìgò yẹn rí lójú ayé mi. Mo yíjú sí Déolú, mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Mo tiẹ̀ rò pé ó fẹ́ sọ ọ́, torí ó nu ẹnu rẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà,” ni ó wí. “Mo ti sọ fún un títí pé kó fi mọ sí fínígà.”

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ, Hameedah. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá mi bẹ̀bẹ̀.

Mo la ẹnu, Alhaji gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní àwọn gbà mí sílé, àwọn fi ohun tó kù lára ìyàwó àwọn lé mi lọ́wọ́, mo sì fi ọtí sọ ọ́ di òkú. Wọ́n ní kí n má ṣe fẹsẹ̀ kan ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n yọ Ìyàwó lẹ́nu ẹ̀rọ kí n tó lọ. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Déolú ló yọ ọ́. Mo gbé báàgì mi, mo jáde láàárín àwọn èèyàn tí mo ti ń kí láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Kò sí ẹni tó kí mi.

O ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Kí oṣù Keje tó parí, ilé ìwòsàn eyín tí mo ń bá tọ́jú táǹkì wọn ní Ìkẹjà ní àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Wọn ò sọ pé torí ọtí ni. Obìnrin kan ní àdúgbò wa, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iyùn àti òkúta, bi mí bóyá èmi ni mo ń fún ẹja ní ọtí mu. Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, mo wọlé.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìyẹn, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ọkùnrin kan tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé wa. Quadri ni, ẹni tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Alhaji. Ìwọ nìkan ni mo dárúkọ rẹ̀ fún, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni.

Ó kọ̀ láti wọlé. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní lọ́jọ́rú, ọjọ́ kejì tí mo lọ, fínígà tó kù kò kún ìdajì síríǹjì. Déolú jáde, ó padà pẹ̀lú ìgò fọ́díkà nínú láílọ́ọ̀nù. Ó ní gbogbo ayé ló ń lò ó, pé ó tilẹ̀ dára jù. Ó wo inú ìwé, ó ní, “Ọgọ́ta,” ó wọn ọgọ́ta, ó dà á sínú omi. Ọjọ́bọ̀ ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, Hameedah, fọ́díkà kan lágbára tó fínígà mẹ́jọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn da nǹkan bí irinwó ó lé ọgọ́rin mílílítà fínígà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí yẹn yóò pọ̀ lójijì, omi á funfun, wọ́n á sì máa bá ẹja du afẹ́fẹ́.

Bóyá díẹ̀ nínú ẹja náà ì bá là á já tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, máníjà ní kí Quadri pa jẹnẹrétọ̀, torí ilé-iṣẹ́ ń tì fún Ìleyá. Ó yẹ kó yí iná táǹkì sórí ínfátà. Ó gbàgbé. Àgbò ọdún wà nínú kẹ̀kẹ́ níta, wọ́n ń retí rẹ̀ nílé àwọn àna rẹ̀ ní Agége. Ọjọ́ Sátidé ló rántí. Ó sáré padà, ó bá omi tó ti funfun, ó pe Déolú. Déolú dé, ó wò ó títí, ó wá sọ fún un pé bó bá sọ̀rọ̀ ìgò, òun náà á sọ̀rọ̀ ínfátà.

Quadri ní ìyàwó òun lóyún ẹ̀kẹrin. Ó ní, “Àǹtí, mi ò lè sùn ni mo ṣe wá. Ẹ má dárúkọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.” Mo ṣèlérí fún un. Nígbà tó lọ tán ni mo wá rí i pé mi ò tiẹ̀ fún un lómi mu.

Mo lọ sílé Alhaji ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Mi ò mọ ohun tí mo ń wá, mo kàn mọ̀ pé mi ò lè máa dákẹ́. Wọ́n gbà mí wọlé. Wọ́n ti rù. Mo ṣàlàyé ọgọ́ta fún wọn, mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ fínígà àti fọ́díkà, mo ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò lè da ọgọ́ta fọ́díkà sínú omi yẹn láéláé, ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíràn láìmọ ohun tó ń kà ló lè ṣe é. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin lọ́tẹ̀ yìí.

“Ta ló rí Déolú nígbà tó ń dà á?” ni wọ́n bi mí.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọgọ́ta fún wọn.

“Bí o bá ní ẹlẹ́rìí, mú un wá lónìí. Mo búra fún ọ, màá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, màá sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níwájú wọn.”

Mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ kí n ní i. Ọkùnrin náà ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé kì í ṣe ẹni tó fọkàn tán ló dalẹ̀ òun. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Mo rántí bí Quadri ṣe ń wo ilẹ̀. Mo ní, “Mi ò ní, sà.” Wọ́n mi orí. Wọ́n bi mí bóyá màá mu nǹkan tútù kí n tó lọ. Mo ní rárá, mo dúpẹ́.

Látìgbà náà, mo ti ń bá obìnrin kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ṣiṣẹ́ ní Agége, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Ìyẹn iṣẹ́ tí a kọ́ nílé-ìwé gan-an. Omi dúdú, ẹja dúdú. Ó dára, mi ò ráhùn. Àwọn iyùn kéékèèké tí mo gé láti ara ti Alhaji wà nílé nínú táǹkì mi kékeré. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ wò wọ́n mọ́, mo kàn ń bọ́ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ń ka ọmọ ẹja sínú láílọ́ọ̀nù ní ọ̀sán gangan nígbà tí Déolú wọlé. Alhaji ti ra ẹja tuntun, òun ló wà nídìí ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn. Kò kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé pupa ti bo iyanrìn padà, pé òun fi kún ohun tí òun ń dà kó lè tètè lọ, pé omi ti ń funfun láti àná, ẹja sì ń yọ ẹnu sókè. Ó ní Alhaji ń ti Àbújá bọ̀ lọ́la.

Mo da omi ọwọ́ mi nù. Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, “Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n á dárí jì ọ́, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ. Èmi, wọn ò ní dárí jì mí.”

Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó kórìíra mi ni, ì bá yé mi.

Mo rò ó pé kí n lé e jáde. Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn ẹja tó ń yọ ẹnu sókè yẹn. Mo ní kó má da ẹ̀kán kan sí i mọ́. Mo ní kó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́ta sínú omi lónìí, kó pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, kó fa pupa jáde bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kó pa iná orí táǹkì fún ọjọ́ mẹ́ta, kó sì fi ínfátà sílẹ̀ ní títàn. Mo ní bí omi bá mọ́ tán, kó yẹ náítíréètì àti fọ́síféètì wò kó tó tún gbé síríǹjì, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, fínígà ni o. Ó ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Ó ní kí n tún ti iná sọ, mo tún un sọ.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

“Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Alhaji mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo wá.”

Mo ní wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó dúpẹ́, ó sáré lọ wọ kẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, Ìyá Aisha, èsì ìbéèrè rẹ ni pé rárá, èmi kọ́. Mi ò ní kí o bá Déolú jà, mi ò sì ní kí o sọ ohunkóhun fún un. Ìbéèrè náà dùn mí, mi ò ní parọ́ pé kò dùn mí, ó sì lè pẹ́ kí n tó gbé fóònù rẹ bí ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ìwọ náà ni mo kọ orúkọ Quadri fún. Fi ìyẹn mọ ibi tí o wà lọ́dọ̀ mi.

Bá mi kí Bàbá Aisha àti Màmá. Gbé Aisha mọ́ra fún mi. Túnmiṣe ní kí n sọ fún un pé òun ti mọ kẹ̀kẹ́ ológeere gùn.

Ìròyìn kan ló kù. Ní ọjọ́ karùn-ún tí Déolú wá, ó fi àwòrán táǹkì ránṣẹ́ sí mi. Omi ti mọ́ gaara, pupa ti ń ká kúrò lórí iyanrìn, kò sí ẹja tó kú. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Alhaji dúró síwájú gíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n yin òun, wọ́n ní ó ti hàn báyìí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló wà nídìí ẹ̀.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,

Tinúọlá.